Iná Ìkòkò

Àmì kan wà tí ó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbàlódé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n. Bí a bá wò ó fínnífínní, ó jọ ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ìdí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, tí wọ́n sì fi ilà kan àti tọ́ọ̀tọ́ kan sí i nínú. Ẹni tí ó ya àmì yìí kò ní ìkòkò lọ́kàn rárá. Táyà ni ó yà, táyà tí a là láàrin bí ẹni la ìbẹ́pẹ, tí a wá ń wo ojú ibi tí a là náà. Ilà àti tọ́ọ̀tọ́ inú rẹ̀ ni àmì ìyanu tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nínú ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ẹ bi awakọ̀ mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, ìkòkò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dá lóhùn.

Àwọn baba wa kò ṣàì mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní ayé àtijọ́, bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹni tí ó gbọ́ àrokò yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an ń fà sí òun ni. Ẹni tí kò gbọ́ àrokò yóò kàn mú owó náà ná lọ́jà ni. Àmì náà kò yí padà. Ẹni tí ó gbà á ni ó yàtọ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a sì ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ni iná ìkòkò máa ń sọ, ọ̀nà tí ó gbà ń tàn ni a sì fi ń mọ èyí tí ó ń sọ. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, tí iná náà tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí ó sì kú, ara dá. Bí ó bá tàn tí kò kú, tí ojú rẹ̀ sì dúró gbọnin, ohun tí ó ń wí ni pé afẹ́fẹ́ inú táyà kan ti lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kí ó tó wá dúró gbọnin, ara rẹ̀ ni ó ń sọ: ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ táyà ni kò gbádùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í dúró wo ìṣẹ́jú kan yẹn. Wọn a ti fi ọkọ̀ sí jíà, wọn a sì ti wọ títì lọ.

Ikú ni ó bí iná yìí. Ní ọdún 2000, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Firestone kó táyà tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ padà kúrò lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, nítorí pé awọ ojú táyà ń ṣí kúrò lórí eré, pàápàá lára ọkọ̀ Ford Explorer, ọkọ̀ a sì dojú dé. Àwọn tí ó kú lé ní 200. Ní ọdún 2000 yẹn kan náà ni Ilé Aṣòfin wọn ṣe òfin tí ó sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè kìlọ̀ fún awakọ̀ bí afẹ́fẹ́ táyà bá dín. Ìlànà òfin náà jáde ní ọdún 2005, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ni ó gbọ́dọ̀ ní in. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni ó di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí náà ni ó ń di tòkunbọ̀ tí ń gba èbúté Tin Can àti Kútọnu wọlé tọ̀ wá wá. A ra ọkọ̀, òfin àwọn ẹlòmíràn sì bá a wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kankan ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ táyà. Ọ̀kan kì í wọ inú táyà rárá. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń yí ni ó ń kà, nípasẹ̀ ẹ̀rọ tí ń bá bíréèkì ṣiṣẹ́. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín a máa kéré díẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ní láti yí jù wọ́n lọ kí ó tó lè bá wọn rìn, bí ọmọdé tí ó ń bá àgbà rìn ṣe máa ń gbẹ́sẹ̀ kíákíá. Ohun tí ọkọ̀ fi ń mọ̀ nìyẹn. Oríṣi kejì ni èyí tí ó pọ̀ jù lára àwọn tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ni wọ́n so mọ́ ìdí fáàfù, ìyẹn ẹnu tí a ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, ó sì jókòó sí inú ríìmù níbi tí ojú kò tó. Ó ń wọn afẹ́fẹ́, ó ń wọn ooru, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ̀ bí ilé-iṣẹ́ rédíò ṣe ń ṣe. Bátìrì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dì pa. Kò ṣe é ṣí, kò ṣe é pààrọ̀. Láàrin ọdún 5 sí 10 ni irú bátìrì bẹ́ẹ̀ máa ń kú. Bí ọkọ̀ kan bá wá lo ọdún 9 ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ lè ṣírò ohun tí ó kù fún sẹ́ńsọ̀ rẹ̀.

Bátìrì nìkan kọ́ ni ó ń pa á. Ní àwọn ìlú tí òjò dídì ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú ọ̀nà, iyọ̀ náà a sì máa jẹ fáàfù onírin títí yóò fi di jíjẹrà. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn fọkanáísà a ti irin gbọọrọ bọ ẹ̀gbẹ́ táyà láìbéèrè ibi tí fáàfù wà, irin a sì fọ́ sẹ́ńsọ̀ yángá. Èyí tí ó tún pọ̀ jù ni ti tíúbù. Bí ríìmù bá ti gbá kòtò tí ó tẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń jò, tíúbù ni a máa ń fi sí i, kò sì sí àyè fún tíúbù àti sẹ́ńsọ̀ nínú ríìmù kan. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n máa ń yọ dànù. Ọ̀pọ̀ ni ó wà nínú agolo àwọn fọkanáísà ní Ìbàdàn láàrin ìṣó àti nọ́ọ̀tì, tí àwọn ọmọṣẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ìtàn ìyá olùkọ́ kan bọ́ sí ibí yìí. Ìgbákejì ọ̀gá-àgbà ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, òun náà ni ó sì ń bójú tó ẹgbẹ́ àríyànjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2017, ó ra Toyota tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, lọ́wọ́ ẹni tí ó ti lò ó fún ìgbà díẹ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ náà mọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ dùn, bí a bá sì yí kọ́kọ́rọ́, iná ìkòkò a tàn, a sì kú bí ó ti yẹ. Ìyá olùkọ́ yìí kì í ṣe ẹni tí ń fi ọkọ̀ ṣeré. Ìwé ìtọ́ni tí ó bá ọkọ̀ náà wá ni ó jókòó tì ní ọjọ́ Sátidé méjì, tí ó kà á bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò. Ó mọ ohun tí iná náà ń sọ, ó sì gbọ́kàn lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ó jẹ́ kí àwọn wọn afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀, èsì rẹ̀ ni pé, "Bí ó bá dín, ọkọ̀ á sọ fún mi." Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kàwé ni, kò sì sí ẹni tí ó lè já a ní koro.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ níhìn-ín pé iná tòótọ́ pàápàá kì í yá ẹnu. Òfin Amẹ́ríkà kò ní kí ó sọ̀rọ̀ àfi bí afẹ́fẹ́ bá ti fi ìdá mẹ́rin kan dín sí iye tí ó yẹ. Bí iye tí wọ́n kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ bá jẹ́ 32 psi, iná lè dákẹ́ títí yóò fi di 24. (Iye ara férémù yẹn ni kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe èyí tí ó wà lára táyà fúnra rẹ̀; òpin ohun tí táyà lè gbà ni ti ara táyà.) Kí ó tó di 24, ẹ̀gbẹ́ táyà ti ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń tẹ̀, ó ń nà, bí ẹni ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn kí ó lè já. Ooru ni ó ń mú wá. Ooru náà ni ó ń pa táyà lójú ọ̀nà márosẹ̀, kì í sì í mọ ipò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, ní ojú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, táyà ọkọ̀ Mínísítà James Ocholi bẹ́. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ni ó bá ìjàǹbá náà lọ.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, nígbà tí ọyẹ́ mú, iná ìkòkò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ìyá olùkọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, ó ti kú. Ó tún tàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún kú lọ́sàn-án. Olùkọ́ Físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣàlàyé rẹ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́, àlàyé rẹ̀ sì tọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ ibì kan a máa súnkì nínú òtútù, a sì máa fẹ̀ nínú ooru. Bí ojú ọjọ́ bá fi bí ìwọ̀n Sẹ́ísíọ́ọ̀sì mẹ́fà tutù, afẹ́fẹ́ táyà a fi nǹkan bí 1 psi dín. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Ìbàdàn àti ọ̀sán rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́. Táyà tí ó wà létí ìlà tẹ́lẹ̀ a máa bọ́ sísàlẹ̀ ìlà láàárọ̀, a sì tún gùn ún padà lọ́sàn-án. Ìyá olùkọ́ dúpẹ́, ó sì lọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Géèjì fọkanáísà sọ pé 35 ni gbogbo wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iná náà tún tàn.

Ó yẹ kí ẹnì kan ti dúró níbẹ̀ kí ó ronú. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó dín, tí a sì ti fẹ́ ẹ kọjá iye tí ó yẹ, kí ni iná tún ń wá? Ṣùgbọ́n rìwáyà kan tí ó mọ Toyota dáadáa fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì kékeré kan lábẹ́ ìdí sítíárì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì kú. Ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ohun tí bọ́tìnnì yìí ń ṣe kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kì í tún nǹkan kan ṣe. Ohun tí ó ń sọ fún ọkọ̀ ni pé, "Iye afẹ́fẹ́ tí o ń gbọ́ báyìí ni iye tí ó dára, òun ni kí o máa fi wọn èyí tí ń bọ̀." Bí a bá ti fẹ́ táyà dé iye tí ó yẹ kí a tó tẹ̀ ẹ́, ó dára. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ebi ń pa ni a kọ́ pé bí ayo ṣe ń rí nìyẹn.

Iná náà kú fún oṣù méjì. Láàrin oṣù méjì yìí, ìyá olùkọ́ gbé àwọn ọmọ mẹ́rin lọ sí ìdíje ní Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 50 ní àlọ nìkan. Àwọn ọmọ náà ni wọ́n fún iná yẹn ní orúkọ tí ó ń jẹ́.

Nígbà tí ó tún tàn ní oṣù Kẹta, kò kú mọ́, ì báà ṣe òwúrọ̀, ì báà ṣe ọ̀sán. Kò sì ṣẹ́jú. Gbọnin ni ojú rẹ̀ dúró. Olùkọ́ kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi téèpù dúdú bò ó, pé ohun tí òun ṣe sí tòun nìyẹn. Ó kọ̀. Ìdíje ìparí kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sì ń lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé ọkọ̀ tọ mẹkáníìkì kan tí ó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, irú èyí tí wọ́n ń ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ó lè ka ohun tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń wí. Ẹ̀rọ náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìfì sí méjì. Sẹ́ńsọ̀ kìíní, 19. Ìkejì, 19. Ìkẹta, 19. Ìkẹrin, 19. Ooru wọn náà, ọgbọọgba. Mẹkáníìkì fi géèjì ọwọ́ rẹ̀ wọn táyà: 33, 34, 33, èyí tí ó wà lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún sì jẹ́ 24.

Ilé ẹjọ́ mọ ohun tí irú èyí ń jẹ́. Bí ẹlẹ́rìí mẹ́rin bá jókòó sí ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì fi ìkan ju ìkan, ibì kan ni wọ́n ti jọ jókòó kí wọ́n tó wá. Táyà mẹ́rin kì í gbóná bákan náà. Èyí tí oòrùn ń pa, èyí tí bíréèkì iwájú ń fún lóoru, èyí tí ó ń gbé ẹrù tí ó pọ̀ jù, ó yẹ kí ohùn wọn yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì náà wo iye náà títí, ó ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó bàjẹ́, kí wọ́n wá òmíràn. Owó kékeré kọ́ ni yóò ná wọn.

Bàbá fọkanáísà kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ ni ó já a. Táyà tí ó wà ní 24 ni ìyá olùkọ́ gbé lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó bá òun wo ibi tí ó ti ń jò. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹnu táyà náà, ó lọ wo ti èyí tí ó kù, ó sì padà wá.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Ta ni ó sọ fún un yín pé sẹ́ńsọ̀ wà nínú táyà wọ̀nyí?"

"Bàbá, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń gbọ́ ohùn wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ẹnu rọ́bà ni mo rí. Ti Toyota tí ó ní sẹ́ńsọ̀ nínú, irin ni ẹnu rẹ̀, ó sì máa ń ní nọ́ọ̀tì nídìí. Ohùn wọn lè máa dún o, kí wọ́n má sí nílé."

Bàbá náà mọ̀ pé àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà tí fáàfù tiwọn jẹ́ rọ́bà, nítorí náà kò gbà pé ojú nìkan tó. Ó bọ́ táyà. Ríìmù mọ́ sáká. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú táyà náà. Gbogbo inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká ni rọ́bà ti lọ̀ kúnná bí ẹ̀bù, ilà kan tí ó dúdú ju ibi tí ó kù lọ sì yí inú rẹ̀ po bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí ni ojú àpá táyà tí ó ti ń rìn pẹ́ láìní afẹ́fẹ́ tó. Ìṣó kékeré kan ni ó wà lójú rẹ̀, tí ń jò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá fi ìka tọ́ ọ fún ìyá olùkọ́, kò sì sọ̀rọ̀. Ìyá olùkọ́ náà kò sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ni ọmọbìnrin tí ó kéré jù nínú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn máa ń jókòó sí.

Wọ́n wá kó gbogbo ẹrù inú búùtù jáde. Lábẹ́ sípíà táyà, nínú àkísà tí a fi okùn dì, ni wọ́n ti rí páìpù oníke kan, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà fi ń gbé omi ìdọ̀tí jáde nílé. Wọ́n dé e ní orí, wọ́n dé e ní ìdí, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí i pinpin. Ẹnu fáàfù kan yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ti gbọ̀n ọ́n, ohun mẹ́rin ń kanra nínú rẹ̀. Bàbá fi géèjì sí ẹnu rẹ̀. Ó jẹ́ 19.

Àlàyé rẹ̀ kò ju báyìí lọ. Sẹ́ńsọ̀ kò mọ táyà. Afẹ́fẹ́ ni ó mọ̀. Ibikíbi tí a bá tì í mọ́, tí a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ 32 sí i, yóò máa sọ fún ọkọ̀ pé ara le, níwọ̀n ìgbà tí kò bá jìnnà. Lára àwọn ọkọ̀ mìíràn, sẹ́ńsọ̀ a máa sùn bí táyà kò bá yí, ọgbọ́n yìí kì í sì í ṣiṣẹ́ fún wọn. Ti àwọn Toyota ìgbà yẹn kì í sùn. Ìdúró, ìrìn, wọn a máa sọ̀rọ̀. Ẹnì kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ríìmù ti tẹ̀ tí wọ́n fi tíúbù sí i nígbà kan. Ó lè jẹ́ pé fáàfù onírin ni ó jẹrà. Ohun tí ó dájú ni pé ẹni tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ tí iná kan ń tàn lójú rẹ̀ yóò gbọ́ iye tí kò wù ú láti ẹnu oníbàárà. Ó ra páìpù. Fún ọdún méjì, kò sí ìgbà kan tí iná ìkòkò sọ ọ̀rọ̀ táyà fún ìyá olùkọ́. Ọ̀rọ̀ páìpù ni ó ń sọ. Nígbà tí gọ́ọ̀mù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, tí páìpù ń jò, iná tàn, gbogbo ènìyàn sì ń fẹ́ táyà.

Ẹni tí ó fi téèpù bo iná mọ̀ pé òun ti bò ó. Bí ó bá jókòó sídìí sítíárì, téèpù náà ń wò ó lójú, ó lè rántí wọn táyà rẹ̀. Ẹni tí a ki páìpù sí búùtù rẹ̀ kò ní ohunkóhun tí yóò rán an létí. Òye kò kéré lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Òye náà pọ̀ ju ti mẹkáníìkì tí ó ní kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó dun ìyá olùkọ́ jù nìyẹn, ó sì sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: pé ìwé tí òun kà gan-an ni ó jẹ́ kí wọ́n rí òun mú. Bí kò bá mọ ohun tí iná náà ń wí, ì bá ti máa wọn táyà rẹ̀ bí ti àwọn tí ó kù.

Wọ́n la páìpù. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń mí, ọkọ̀ sì mọ nọ́ńbà wọn tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti fi wọ́n hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá fọ̀ wọ́n, ó pààrọ̀ rọ́bà ìdí wọn, ó sì dá wọn padà sínú ríìmù, ó ń fi irin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdì kejì fáàfù ní gbogbo ìgbà. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún kò ṣe é lò mọ́. Nígbà tí wọ́n wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́bàá àmì DOT lára rẹ̀, 1211 ni: ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2011. Bàbá ní kí wọ́n pààrọ̀ èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó rìn rárá, kí táyà tó gbóná, ìyá olùkọ́ fúnra rẹ̀ wọn wọ́n dé 32, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì tẹ bọ́tìnnì abẹ́ sítíárì títí iná fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì bọ̀. Ipò kejì ni wọ́n gbà.

Sẹ́ńsọ̀ méjì nínú mẹ́rin náà kú ní ọdún 2020. Lọ́tẹ̀ yìí, iná ṣẹ́jú kí ó tó dúró, ìyá olùkọ́ sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gáté ni ó lọ. Sẹ́ńsọ̀ méjì tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún un jọ ti tẹ́lẹ̀ bí ìbejì, ọkọ̀ kò sì gbọ́ ohùn wọn. Ara ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti yọ wọ́n. Orí 433 MHz ni ti Yúróòpù ti ń sọ̀rọ̀, orí 315 MHz sì ni ti Amẹ́ríkà. Bí ẹni gbé rédíò sí Ìbàdàn tí ń retí ohùn Èkó ni. Ó dá wọn padà, ó gba ti 315, mẹkáníìkì sì fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọ nọ́ńbà ara wọn sínú ọkọ̀ kí ó lè mọ̀ wọ́n ní ọmọ ilé.

Ó ra géèjì tirẹ̀. Ti Bàbá Ọ̀jọ́ọ̀ a máa fi nǹkan bí 3 ju tirẹ̀ lọ nígbà gbogbo, wọ́n sì ti jiyàn lórí rẹ̀ tó báyìí tí kò sí ẹni tí ó gbà fún ẹnì kejì. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí agogo tó lù, ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ni ó máa ń wọn táyà, tí èkejì yóò sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ogójì ojú-ewé kan tí ó wà nínú ọkọ̀, iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, títí kan sípíà.

Olùkọ́ Físíìsì bẹ̀bẹ̀ fún páìpù náà, wọ́n sì fún un. Ó dé ibi tí wọ́n là padà, ó so géèjì mọ́ ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí ọyẹ́ bá dé, àwọn ọmọ ọdún kejì àgbà a gbé e síta ní àkókò àdúrà òwúrọ̀, wọn a ka 30. Bí oòrùn bá pa á títí di ìgbà tí wọ́n ń jáde lọ jẹun, wọn a tún lọ kà á, a ti súnmọ́ 33.